Kí A Tó Sọ Pé Àgbàlagbà Ní Ẹ̀jẹ̀ Ríru: Bí Ó Ṣe Yẹ Kí A Wọn Ìfúnpá

Ohun tí ó máa ń da àwọn ènìyàn láàmú jù lọ nípa ìfúnpá ni pé kì í dúró sójú kan. Ẹnì kan lè yẹ̀ ẹ́ wò ní ṣọ́ọ̀bù olóògùn kan ní Lagere ní Ilé-Ifẹ̀ ní òwúrọ̀ kí wọ́n sọ fún un pé 158/96 ni, kí ó dé ọsibítù ní ọ̀sán kí nọ́ọ̀sì bá 142/88, kí ọmọ rẹ̀ sì fi ẹ̀rọ tí ó rà wọ̀n ọ́n nílé ní alẹ́ kí ó jẹ́ 129/80. Èwo ni kí ó gbà gbọ́ nínú wọn? Àwọn kan á mú èyí tí ó tẹ́ wọn lọ́rùn jù, àwọn mìíràn á mú èyí tí ó bà wọ́n lẹ́rù jù, àwọn kan á sì sọ pé irọ́ ni gbogbo ẹ̀rọ náà ń pa. Kò sí èyí tí ó tọ̀nà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Mo fẹ́ ṣàlàyé bí a ṣe ń wọn ìfúnpá àgbàlagbà tí nọ́ńbà tí ó jáde yóò fi ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé, àti ìdí tí nọ́ńbà ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo kì í sábàá tó láti fi sọ pé ẹnì kan ní ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ìfúnpá ni agbára tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ti ara òpó iṣan tí ó ń gbà kọjá. Nígbà tí ọkàn bá fún ara rẹ̀ pọ̀ láti ti ẹ̀jẹ̀ jáde, agbára yìí á ga. Nọ́ńbà òkè nìyẹn, èyí tí wọ́n máa ń kọ ṣáájú, bíi 158 nínú 158/96. Nígbà tí ọkàn bá tú ara sílẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ mìíràn lè kún inú rẹ̀, agbára náà á wálẹ̀. Nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nìyẹn. Mílímítà mẹ́kúrì ni a fi ń ka méjèèjì, tí wọ́n máa ń kọ ní ìkékúrú báyìí: mmHg, nítorí pé gíga tí mẹ́kúrì bá gùn nínú gíláàsì tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n látijọ́. Dókítà ará Ítálì kan, Scipione Riva-Rocci, ni ó gbé ẹ̀rọ tí a ń wé ọ̀já rẹ̀ mọ́ apá jáde ní 1896, ṣùgbọ́n nọ́ńbà òkè nìkan ni ó rọrùn láti mọ̀ nígbà náà, nítorí pé ìka ni wọ́n fi ń tẹ ọrùn ọwọ́ láti mọ ìgbà tí iṣan yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ní 1905, dókítà ọmọ Rọ́ṣíà kan, Nikolai Korotkoff, ṣàlàyé pé bí a bá fi ohun èlò tí dókítà ń kì bọ etí gbọ́ iṣan inú ìgbọ̀nwọ́ bí ọ̀já náà ṣe ń tú afẹ́fẹ́ jáde, ibi tí ìró bá ti kọ́kọ́ dún ni nọ́ńbà òkè, ibi tí ìró náà bá sì ti dákẹ́ ni nọ́ńbà ìsàlẹ̀. Títí di òní, bí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà tí ń fi etí gbọ́ ọ ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ẹ̀rọ oníbátìrì tí ó wọ́pọ̀ nílé kì í gbọ́ ìró kankan ní tirẹ̀. Bí lílù iṣan ṣe ń mi afẹ́fẹ́ inú ọ̀já ni ó ń mọ̀, ó sì ń fi ìṣirò yọ nọ́ńbà méjèèjì jáde. Ìdí nìyí tí ẹni tí a ń fi irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ̀n kò gbọdọ̀ mi apá rẹ̀ rárá.

Agbára tí mo ń sọ yìí kì í dúró lórí nọ́ńbà kan fún odindi wákàtí kan. Ó ń wálẹ̀ bí a bá sùn, ó ń gòkè bí a bá jí, ó sì ń ga sí i bí a bá ń sáré, bí a bá ń bínú, bí ara bá ń ro wá tàbí bí ìtọ̀ bá ń gbọ̀n wá. Kò sí àrùn nínú èyí. Bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Ohun tí oníṣègùn ń wá ni ìfúnpá ara tí ó ti sinmi, nítorí pé irú rẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wò mọ́ ewu rọpárọsẹ̀, àìlera ọkàn àti ìbàjẹ́ kíndìnrín. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ru ẹrù láti ọjà Atakúnmọ́sà ní Iléṣà, tí ó sọ ọ́ kalẹ̀, tí wọ́n sì wé ọ̀já mọ́ ọn lápá lójú ẹsẹ̀, nọ́ńbà tí ó jáde lè jẹ́ òótọ́ fún ìṣẹ́jú yẹn, ṣùgbọ́n kì í ṣe nọ́ńbà tí a lè fi dá ẹjọ́ ara rẹ̀.

Láti bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí a tó wọn ìfúnpá ni ìmúrasílẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀. Ní àsìkò yẹn, kò yẹ kí ènìyàn mu kọfí, kí ó mu sìgá, kí ó fín áásà, kí ó mu àwọn ohun mímu inú agolo tí wọ́n ní ó ń fúnni lágbára, tàbí kí ó ṣe iṣẹ́ agbára. Ní agbègbè wa níbí, tí oko obì àti oko kòkó yí wa ká, ó yẹ kí a dárúkọ obì ní tààrà, nítorí pé kọfí nìkan ni ọ̀pọ̀ ìwé tí ó ń ti òkè òkun wá máa ń mẹ́nu bà. Kaféènì tí ó wà nínú kọfí wà nínú obì pẹ̀lú, bàbá tí ó bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ jẹ awẹ́ obì méjì níbi ìsọmọlórúkọ kò tíì ṣe tán láti yẹ ìfúnpá rẹ̀ wò. Kí ẹni náà lọ tọ̀ kí ó tó jókòó, nítorí pé àpò ìtọ̀ tí ó kún lè fi bíi 10 mmHg kún nọ́ńbà òkè. Lẹ́yìn náà ni kí ó jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Mo mọ̀ pé ìṣẹ́jú márùn-ún yìí ni ó máa ń kọ́kọ́ di ohun ìgbàgbé níbi tí èrò bá pọ̀ sí, tí àwọn tí ó wà lẹ́yìn sì ń kùn pé kí a tètè ṣe é, ṣùgbọ́n bí a bá yọ ọ́ kúrò, a ti ba iṣẹ́ náà jẹ́ kí a tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

Bí a ṣe jókòó náà ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Àga tí ó ní ẹ̀yìn ni ó yẹ, kì í ṣe bẹ́ǹṣì gbọọrọ tí a kò lè fi ẹ̀yìn tì. Kí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì tẹ ilẹ̀ dáadáa, kí a má sì gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Apá ni mo fẹ́ kí a dúró lé lórí díẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ sinmi lórí tábìlì tàbí ohun mìíràn tí ó gbé e ró, kí ọ̀já ẹ̀rọ náà sì wà ní ọ̀gangan ọkàn, ìyẹn bíi àárín àyà. Bí apá bá rọ̀ wálẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìwúwo ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ á fi kún ohun tí ẹ̀rọ ń kà. Bí a bá sì gbé e ga jù, nọ́ńbà á dínkù sí bí ó ṣe jẹ́. Àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Johns Hopkins ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde ní 2024 lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n rí i pé bí ènìyàn bá gbé apá lé itan, nọ́ńbà òkè máa ń fi bíi 4 mmHg ga ju ti apá tí ó wà lórí tábìlì lọ. Bí apá bá sì kàn rọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara láìsí ohun tí ó gbé e ró, ó máa ń fi bíi 6.5 mmHg ga jù. Ẹ wo iye ènìyàn tí wọ́n ti wọn ìfúnpá rẹ̀ pẹ̀lú apá lórí itan, tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 142 tàbí 143, tí wọ́n sì sọ fún un pé ó ti bọ́ sínú ẹ̀jẹ̀ ríru.

Ara apá gan-an ni a ń wé ọ̀já mọ́, kì í ṣe orí aṣọ. Bùbá obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ fún, kí ó bọ́ ọ kúrò lápá náà, nítorí pé bí ó bá ká a sókè títí tí ó fi fún òkè apá pinpin, aṣọ tí ó ká yẹn á máa di iṣan. Níbi tí ènìyàn bá pọ̀ sí, bí inú ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ojúde mọ́ṣáláṣí tí wọ́n ti ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́, ó yẹ kí a pèsè aṣọ ìkélé, kí ìtìjú má bàa mú kí àwọn obìnrin ní kí wọ́n wé e mọ́ orí aṣọ fún àwọn.

Títóbi ọ̀já tún jẹ́ ọ̀ràn kan tí kò yẹ kí a fojú kékeré wò. Àpò afẹ́fẹ́ inú ọ̀já náà yẹ kí ó yí tó ìdá ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún apá ká. Ọ̀já tí ó kéré fún apá tí ó tóbi á máa sọ pé ìfúnpá ga ju bí ó ṣe ga lọ. Ọ̀já tí ó tóbi fún apá tí ó tẹ́ẹ́rẹ́ á máa sọ pé ó kéré. Ìwádìí mìíràn tí ó jáde ní 2023, tí Johns Hopkins náà ṣe, fi hàn pé bí a bá fi ọ̀já àárín gbùngbùn wọn ẹni tí ó yẹ kí ó lo ọ̀já tí ó tóbi jù lọ, nọ́ńbà òkè lè fi nǹkan bíi 20 mmHg ga ju òótọ́ lọ. Ìyẹn ni pé ẹni tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 128 lè gba ìwé 148 relé. Ọ̀nà àbáyọ kò le: a ó mú tépù aránṣọ, a ó fi wọn àyíká apá ní àárín méjì èjìká àti ìgbọ̀nwọ́, a ó sì wo ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọ̀já. Ọ̀já tí ó sábà máa ń bá ẹ̀rọ wá láti inú páálí wà fún apá tí àyíká rẹ̀ jẹ́ láti bíi 22 títí dé 32 sẹ̀ǹtímítà. Ẹni tí apá rẹ̀ bá ju bẹ́ẹ̀ lọ ní láti wá ọ̀já ńlá, kí ó sì bá ẹ̀rọ rẹ̀ mu.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹnu, èyí tí ó ṣòro fún àwa Yorùbá jù lọ. Bí nọ́ọ̀sì bá ti ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú ọ̀já, ni yóò máa béèrè pé ilé ńkọ́, ọmọ ńkọ́, ọjà ti ń tà bí. Ẹni tí ó jókòó kò sì ní fẹ́ kí a pe òun ní aláìlẹ́kọ̀ọ́, yóò máa dáhùn. Ọ̀rọ̀ sísọ nìkan lè gbé nọ́ńbà òkè sókè ní nǹkan bíi 10 mmHg. Ohun tí mo rò pé ó dára jù ni kí òṣìṣẹ́ ìlera kí ènìyàn tán pátápátá kí ó tó fọwọ́ kan ẹ̀rọ, kí ó sì sọ pé, “Mà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dá ẹnikẹ́ni lóhùn títí n ó fi tú u.” Kí ẹni tí a ń wọ̀n má sì wo fóònù, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó wà níbẹ̀ náà lè ru ọkàn sókè.

Bí a bá ti ka nọ́ńbà àkọ́kọ́, iṣẹ́ kò tíì parí. Ó máa ń ga díẹ̀ ju èyí tí ó tẹ̀ lé e lọ, nítorí náà a ó dúró fún ìṣẹ́jú kan, a ó tún wọ̀n ọ́n, bí ó bá sì ṣeé ṣe, a ó ṣe é lẹ́ẹ̀kẹta. A ó ró méjì tí ó gbẹ̀yìn pọ̀, a ó sì pín in sí méjì: bí ó bá jẹ́ 148/92 àti 144/90, 146/91 ni a ó kọ sílẹ̀. Nígbà àkọ́kọ́ tí ènìyàn bá dé ọ̀dọ̀ oníṣègùn, apá méjèèjì ni ó yẹ kí a wọ̀n. Apá tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ga jù ni a ó máa lò láti ìgbà náà lọ. Bí ìyàtọ̀ àárín apá méjì bá ju 10 mmHg lọ léraléra, kí dókítà mọ̀ sí i. Kí ẹni tí ń fi etí gbọ́ ìró má sì sún nọ́ńbà lọ sí èyí tí òdo wà ní ìparí rẹ̀, kí ó má kọ 140 sílẹ̀ nígbà tí ohun tí ó gbọ́ jẹ́ 136, nítorí pé mmHg mẹ́rin yẹn lè sọ ẹni tí ara rẹ̀ dá di aláìsàn nínú ìwé.

Nípa ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, ẹni tí ó bá mọ ọjà ná máa ń yí ìdí kọ́ńgò wò kí ó tó jẹ́ kí wọ́n wọn gààrì fún òun, bóyá wọ́n ti lù ú wọnú. Irú ìfura bẹ́ẹ̀ ni ó yẹ kí a ní sí ẹ̀rọ ìfúnpá. Ẹ̀rọ tí a ń wé mọ́ òkè apá ni kí ẹ rà. Èyí tí a ń so mọ́ ọrùn ọwọ́ kò ṣeé gbára lé tó bẹ́ẹ̀, nítorí pé bí ọwọ́ bá kúrò ní ọ̀gangan ọkàn díẹ̀, nọ́ńbà á yí padà. Àwọn tí a ń ki ìka bọ̀, àti àwọn tí ń sọ pé kí a tẹ ìka mọ́ kámẹ́rà fóònù, ẹ má fi ṣe ìpinnu kankan lórí ìlera yín. Àwọn onímọ̀ máa ń dán ẹ̀rọ wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn kí wọ́n tó jẹ́rìí sí i pé ó ń sọ òótọ́, wọ́n sì ń to orúkọ àwọn tí ó yege sórí íntánẹ́ẹ̀tì; STRIDE BP jẹ́ ọ̀kan nínú ibi tí a ti lè wò ó. Ẹ̀rọ alábẹ́rẹ́, tí a ń fi ọwọ́ fún ní afẹ́fẹ́, nílò àtúnyẹ̀wò ní bíi oṣù mẹ́fà mẹ́fà, nítorí pé bí ó bá ṣubú lẹ́ẹ̀kan péré, abẹ́rẹ́ rẹ̀ lè má padà sí òdo mọ́. Ẹ̀rọ mẹ́kúrì ni àwọn àgbà dókítà fọkàn tán jù, ṣùgbọ́n májèlé ni mẹ́kúrì, àdéhùn Minamata tí àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí ní 2013 sì ti mú kí wọ́n máa yọ ọ́ kúrò ní àwọn ọsibítù. Bí ọkàn ẹnì kan bá ń lù ségesège, ẹ̀rọ oníbátìrì lè ṣi nọ́ńbà kà. Kí nọ́ọ̀sì tàbí dókítà fi etí gbọ́ ti irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí ó sì ṣe é ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Nísinsìnyí, nọ́ńbà wo gan-an ni a ń pè ní ẹ̀jẹ̀ ríru? Ìdààmú pọ̀ níbí nítorí pé ààlà náà ti yí padà lójú wa. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, 160/95 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ń lò. Ìwádìí gbogbogbòò tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọládípọ̀ Akínkùgbé, àgbà onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru ní Ìbàdàn, darí ní Nàìjíríà, tí ìròyìn rẹ̀ jáde ní 1997, nọ́ńbà òkè 160 yìí náà ni wọ́n fi ka àwọn tí ó ní in. Ní 1999, Àjọ Ìlera Àgbáyé àti ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ríru lágbàáyé gbà pé 140/90 ni kí ó jẹ́. Ní 2017, àwọn ẹgbẹ́ oníṣègùn ọkàn ní Amẹ́ríkà tún fà á wálẹ̀ sí 130/80 ní tiwọn, ṣùgbọ́n Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Yúróòpù ṣì dúró lórí 140/90. Nítorí náà, bàbá tí wọ́n sọ fún ní ọdún 1990 pé 150/92 rẹ̀ kò burú, àti ọmọ rẹ̀ tí ó wà ní Amẹ́ríkà tí wọ́n sọ fún lónìí pé 134/82 ti pọ̀ jù, kò sẹ́ni tí wọ́n purọ́ fún nínú wọn. Ní Nàìjíríà, 140/90 ni ẹ ó sábà máa bá pàdé, ìyẹn sì ni mo ń lò níhìn-ín. Bí nọ́ńbà òkè nìkan bá tó 140, tàbí tí ti ìsàlẹ̀ nìkan bá tó 90, ó kà. Kò dìgbà tí méjèèjì bá ga.

140/90 yẹn, ti ilé ìwòsàn ni. Nílé, tí ọkàn ti balẹ̀, 135/85 ni ààlà. Bí a bá lo ẹ̀rọ tí ènìyàn ń gbé kiri fún wákàtí 24, tí ó ń wọn ara rẹ̀ léraléra lọ́sàn-án àti lóru, 130/80 ni ààlà gbogbo nọ́ńbà náà lápapọ̀. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ra ẹ̀rọ sílé ni kò mọ èyí. Wọ́n á rí 137/87 lójoojúmọ́, wọ́n á sì máa sọ pé àwọn kò tíì dé 140.

Bí nọ́ńbà bá ga nílé ìwòsàn lẹ́ẹ̀kan, tí kò sì ga débi ewu, ohun tí ó yẹ ni pé kí a pe ẹni náà padà, lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, ní àárín ọ̀sẹ̀ kan sí mẹ́rin síra wọn, tàbí kí ó máa wọ̀n ọ́n nílé. Ẹ jẹ́ kí a fi ìyá kan ṣe àpẹẹrẹ, ẹni ọdún 54, tí ń ta aṣọ ní Sábó ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n wọ̀n ọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó jẹ́ 164/98, ẹ̀rù sì bà á. Ó dé ibùdó ìlera, wọ́n jẹ́ kí ó sinmi, wọ́n ṣe é bí ó ti yẹ, ó wálẹ̀ sí 147/91. Síbẹ̀ wọn kò tíì kọ oògùn fún un. Wọ́n ní kí ó fi ọjọ́ méje wọ̀n ọ́n nílé, lẹ́ẹ̀mejì ní òwúrọ̀ àti lẹ́ẹ̀mejì ní alẹ́, kí ó fi ìṣẹ́jú kan sí àárín méjèèjì, kí ó sì kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Wọ́n yọ ti ọjọ́ kìíní kúrò, wọ́n ró ìyókù pọ̀, wọ́n pín in, ó jẹ́ 126/79. Ìfúnpá ìyá yìí máa ń ga bí ó bá rí aṣọ funfun àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni. Kò nílò oògùn báyìí, ṣùgbọ́n kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò lọ́dọọdún, nítorí pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè padà ní ẹ̀jẹ̀ ríru tòótọ́ ju àwọn yòókù lọ.

Òdìkejì rẹ̀ ni ó ń bà mí lẹ́rù jù. Awakọ̀ kan lè wà tí ìfúnpá rẹ̀ ń jẹ́ 132/84 nígbàkigbà tí ó bá dé ọ̀dọ̀ dókítà, ṣùgbọ́n tí ó ń jẹ́ 146/93 nílé àti lẹ́nu iṣẹ́. Ìwé ọsibítù rẹ̀ mọ́ tónítóní, àmọ́ iṣan rẹ̀ ń bàjẹ́ lọ. A kò lè mọ irú èyí láìjẹ́ pé a wọ̀n ọ́n níta ilé ìwòsàn, nítorí náà ẹni tí nọ́ńbà rẹ̀ bá ń rìn ní bèbè 130 sí 139, pàápàá bí ó bá ń mu sìgá, tí ó ní àtọ̀gbẹ, tàbí tí òbí rẹ̀ ní ẹ̀jẹ̀ ríru, kí ó máa fi ti ilé kún un.

Bí ó ṣe ń ṣe ènìyàn lára kò lè rọ́pò ẹ̀rọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó gbà pé bí orí kò bá fọ́ wọn, tí òòyì kò sì kọ́ wọn, ìfúnpá wọn dára, àwọn kan sì máa ń lo oògùn kìkì ní ọjọ́ tí orí bá fọ́ wọn. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tí ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni kò ní àmì kankan, orí fífọ́ sì lè jẹ́ ti ibà, ti àìsùn tàbí ti ojú.

Ipò kan wà tí a kì í ti dúró de ọ̀sẹ̀ méjì. Bí nọ́ńbà bá tó 180/120, tí àyà ń dun ẹni náà, tí èémí rẹ̀ ń ké, tí ojú rẹ̀ ń ṣú, tí ẹnu rẹ̀ wọ́, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò já gaara mọ́, ẹ gbé e lọ sí ọsibítù ńlá lójú ẹsẹ̀, ìbáà jẹ́ ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ tàbí Wesley Guild ní Iléṣà, èyí tí ó bá sún mọ́ yín. Ẹ má fi oògùn ẹlòmíràn sí i lábẹ́ ahọ́n láti fà á wálẹ̀ kíákíá. Bí ìfúnpá bá já lulẹ̀ lójijì, ẹ̀jẹ̀ lè má dé ọpọlọ tó. Bí nọ́ńbà bá ga tó bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò sí àmì kankan, kí ẹni náà sinmi, kí a tún un wọ̀n dáadáa, bí kò bá sì wálẹ̀, kí ó rí dókítà ní ọjọ́ náà. Aláboyún kò sí nínú ìlànà pípe ènìyàn padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ tí mo ṣàlàyé. Bí tirẹ̀ bá tó 140/90, kí àwọn agbẹ̀bí rẹ̀ gbọ́ kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú.

Nígbà tí ó bá ti dájú pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni, dókítà yóò fẹ́ mọ ohun méjì: ṣé ó ti ba ibì kan jẹ́ nínú ara, ṣé nǹkan mìíràn sì ni ó ń fà á? Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yẹ ìtọ̀ wò, tí wọ́n ń gba ẹ̀jẹ̀ láti mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ṣúgà àti ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ ṣe rí, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ ya bí ọkàn ṣe ń lù, tí wọ́n sì ń wo ẹ̀yìn ẹyinjú. Ẹ má rò pé owó yín nìkan ni wọ́n fẹ́ gbà. Ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání lọ: oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac, oògùn ìfètòsọ́mọbíbí, oògùn tí ń tú imú dídí àti àgbo tí a fi ọtí rẹ, nítorí pé gbogbo wọn lè gbé ìfúnpá sókè. Bí ẹni tí kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún bá ní ìfúnpá tí ó ga gan-an, ó yẹ kí wọ́n wá ìdí rẹ̀ jinlẹ̀, ní pàtàkì nínú kíndìnrín.

Ẹni tí ó ti ń lo oògùn, òwúrọ̀ kí ó tó gbé ti ọjọ́ náà mì ni kí ó máa wọ̀n ọ́n, nítorí ìgbà yẹn ni a ó mọ̀ bóyá oògùn àná ṣì ń ṣiṣẹ́. Bí ó bá rí 124/78, oògùn ni ó gbé e débẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀rí pé kí ó dá a dúró. Ní ọjọ́ tí ó bá ń padà lọ rí dókítà, kí ó mú ìwé tí ó ń kọ nọ́ńbà sí dání, kí ó sì gbé ẹ̀rọ rẹ̀ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, kí nọ́ọ̀sì fi ti ọsibítù àti tirẹ̀ wọn apá kan náà ní ìtẹ̀léra, kí wọ́n jọ wo bí nọ́ńbà méjèèjì ṣe súnmọ́ra tó.